Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ní Èkó: Etí ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe èdè Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní Muṣin, Súrùlérè àti Yábàá lónìí, ìyá pàápàá kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bi. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta. Ó ń sáré, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín ti pé sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Bí ó bá fẹ́ omi, yóò fa ìyá rẹ̀ láṣọ títí dé ibi tí omi wà. Bí wọn kò bá tètè mọ ohun tí ó ń fẹ́, yóò wó lulẹ̀, yóò máa ké.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní abúlé pé kí ó máa bọ̀ ní Èkó. Bí ìyá àgbà bá sì dé, tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún un ni pé kí ó má ṣe bá ọmọ náà sọ Yorùbá. Wọ́n á ní olùkọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ti sọ pé èdè méjì ló dàrú mọ́ ọmọ náà lórí, pé kí gbogbo ará ilé mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀kan náà sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá ‘kọ́ọ̀mù’ àti ‘góò’ yóò wá di odi kejì nínú ilé. Ẹni kan ni kò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wá di méjì.

Ìmọ̀ràn yìí ti tàn kálẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ òbí gbà á bí ẹni pé dókítà ló kọ ọ́ síwèé fún wọn. Bẹ́ẹ̀, òtítọ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé ṣe iṣẹ́ jẹ, nílé lóko, fohùn ṣọ̀kan pé gbígbọ́ èdè méjì kì í dá ọmọ dúró láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ń gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ogún ọ̀rọ̀ nínú èyí, kí ó mọ ogún mìíràn nínú ìyẹn. Ẹni tí ó bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò sọ pé ọmọ náà kò mọ̀ ju ogún lọ. Bí ìdíwọ́ bá wà lóòótọ́, yóò hàn nínú èdè méjèèjì, nítorí pé ìdíwọ́ náà wà lára ọmọ, kò sí lára èdè. Àwọn ará Badagry kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Àtọdúnmọ́dún ni ọmọ tiwọn ti ń gbọ́ Ègùn lẹ́nu ìyá, tí ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ará àdúgbò, kò sì yadi. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n tún fi Faransé lé e.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Peckham, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba òbí nímọ̀ràn pé kí ó pa èdè ilé tì. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé èdè tí ó rọ òbí lẹ́nu jù lọ ni kí ó fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a yá a lò ni a ń lé Yorùbá jáde kúrò nínú ilé nítorí rẹ̀.

Ìdí tí ìmọ̀ràn wọn fi lọ́gbọ́n nínú kò ṣòro láti rí. Ìyá tí ó ń tajà ní ọjà Tẹ̀júoṣó, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́mọ, kí ni yóò rí sọ? Jókòó, dìde, jẹun, dákẹ́, má fọwọ́ kàn án. Àṣẹ lásán ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, yóò pe oríkì ọmọ, yóò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, yóò sọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà, yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì tún dáhùn fún un. Inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ni ó sì nílò rẹ̀ jù, òun gan-an ni wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀ lásìkò yìí ni pé ìjọba pàápàá ti dá sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwọn ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Àwọn onímọ̀ èdè tako ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Ní ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, òfin kan wà tí gómìnà àná, Akínwùnmí Ambode, fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2018, tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Muṣin wá wà láàárín méjèèjì, ó sì mọ èyí tí àwọn òbí ń sanwó fún.

Àwọn àgbà tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní gbàgbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, St. Stephen’s ‘A’, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ní òkè òkun.

Bí kì í bá wá í ṣe èdè ni ó fà á, kí ni?

Ìdáhùn kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n kàn ń pẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọn á sì bá ẹgbẹ́ wọn láìpẹ́. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísìmù: ọmọ náà gbọ́, ṣùgbọ́n kì í wojú ènìyàn, kì í na ìka sí ohun tí ó wù ú, òun nìkan ni yóò máa dá ṣeré. Àwọn mìíràn ni òkè ẹnu wọn là láti inú oyún. Àwọn wọ̀nyí ń rí iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ gbà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, LUTH, láti ọwọ́ àjọ Smile Train, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ kíkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹran abẹ́ ahọ́n tí àwọn olóólà máa ń gé, ó lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti mu ọyàn, ó lè mú kí ìró kan má dún dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọmọ di odi. Ẹni tí ó bá gé e fún ọmọ tí kò gbọ́ràn ti dá egbò sí i lẹ́nu lásán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni etí, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti mọ̀, òun náà sì ni wọ́n ń fojú fò jù. Ìyá yóò ní ọmọ òun ń gbọ́, pé bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ tàbí tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, ó máa ń yíjú. Òótọ́ ni. Etí kì í di pátápátá lára gbogbo ọmọ. Ọmọ lè gbọ́ ìlù kí ó má gbọ́ ‘s’, ‘f’, ‘t’ àti ‘k’. Yorùbá tilẹ̀ tún máa ń bo irú ìṣòro yìí mọ́lẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ lára ọkọ́ wà nínú apá ohùn tó nípọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí etí wọn kò pé ṣì lè gbọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa kùn bí gángan, kí ohùn rẹ̀ máa gòkè, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ, kí ará ilé sì máa rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yọ. Ọdún méjì lè kọjá báyìí.

Ibi tí àbùkù etí ti ń wọlé ni ó yẹ kí àwọn ìyá àgbà fetí sí jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní tí a bí ọmọ, ojú àti ara rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè. Ibà pọ́njú ni. Ti àwọn ọmọ kan máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn máa ń le débi pé ìdọ̀tí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò gun orí, yóò ba iṣan tí a fi ń gbọ́ràn jẹ́, ó sì lè ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Kàfúrà tí wọ́n ń fi sínú àpótí aṣọ ọmọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ wà lára ohun tí ń dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà, wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fi aṣọ náà wọ̀ wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò máa tú. Bí ojú ọmọ bá pọ́n tán, àwọn kan á gbé e sínú oòrùn, àwọn kan á fún un ní omi glúkóòsì, àwọn kan á da ampiclox sí i lẹ́nu. Kò sí èyí tí ó wo ibà pọ́njú tó le nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó wà ní ilé ìwòsàn ni ń fọ̀ ọ́, bí ó bá sì ti le jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kan péré lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ àti èyí tí kò ní gbọ́.

Bákan náà ni yírunyírun, èéyi, ṣegede, abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n gún láìwọ̀n ọmọ, àti etí tí ń ṣọyún tí wọ́n ń da òróró gbígbóná tàbí ìtọ̀ sí. Àìsàn rùbẹ́là, tí kì í ṣe aláboyún fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan tó pọ̀, lè di etí ọmọ inú rẹ̀. Ọdún 2025 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi àjẹsára rẹ̀ kún ti èéyi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2021 pé nínú ọmọ 10 tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa, ti 6 ni a lè dènà rẹ̀. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run.

Kò sì ṣòro láti mọ̀ ní kùtùkùtù. Wọ́n á ti ohun kékeré kan bọ etí ọmọ nígbà tí ó bá sùn, yóò máa dún wẹ́wẹ́, etí tí ó bá yè yóò sì dá ohùn padà fún un. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò dun ọmọ, kò sì gba pé kí ọmọ mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi í ṣe òfin máa ń yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, wọ́n á mọ ohun tí ó jẹ́ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí kò lè ṣeé ṣe ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ aboyún ti ń bímọ lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àti ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, tí dókítà kò fojú kan ọmọ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà, onímọ̀ nípa ìlera ọmọdé ní Èkó, ti dáhùn ìyẹn. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ronú pé ibi kan wà tí ìyá tó bímọ ní ilé ìwòsàn àti èyí tó bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ti ń pàdé: ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG. Wọ́n lọ jókòó sí ibi ìgbabẹ́rẹ́ mẹ́rin ní àárín ìlú Èkó, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lásán, tí wọn kì í ṣe onímọ̀ etí, bí wọn ó ṣe máa lo ẹ̀rọ náà, wọ́n sì yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ tí ó tó nǹkan bí 2,000 wò. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn àjọ WHO ní ọdún 2008. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe, pé àwọn ìyá gbà, pé òṣìṣẹ́ tí ń gún abẹ́rẹ́ náà lè ṣe é. Bí ó bá ṣeé ṣe nígbà náà, kò sí ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe ní àwọn ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin, Súrùlérè àti Yábàá lónìí, bí ẹni tí ń pín owó bá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àdúgbò náà kò ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Súrùlérè ni Wesley School, ilé ìwé àwọn adití, wà láti ọdún 1958. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Andrew Foster dé sí Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, yírunyírun ló di í létí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní ọdún 1954. Ó ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957 kí ó tó wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwé 32 ni ó bá wọn dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà kí ó tó kú sínú ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní ọdún 1987. Ohun tí Foster fi yàtọ̀ ni pé kò gbà pé dandan ni kí adití fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ó kọ́ wọn ní èdè àfọwọ́sọ, wọ́n sì kàwé. Àwọn òbí kan ṣì ń sá fún èdè àfọwọ́sọ títí di òní, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn fọhùn mọ́. Irú èrò kan náà ni pẹ̀lú ti àwọn tí ń lé Yorùbá jáde: wọ́n rò pé àyè èdè kan ṣoṣo ló wà nínú orí ọmọ.

Ilé ìwé Modúpẹ́ Cole wà ní Akọka fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn tàbí ẹ̀yà ara wọn ní ìpèníjà, Atunda-Olu wà ní Súrùlérè. Ẹ̀ka tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun wà ní LUTH. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé ní Oshodi, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ nípa ọ́tísìmù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ‘Yábàá’ tí kò ní ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè? Orúkọ ibẹ̀ nìkan ti lé ọ̀pọ̀ òbí lọ sí orí òkè àdúrà. Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ọdún tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó wá ilé ìwòsàn lọ ni kò ṣeé rí gbà padà.

Bí òbí bá sì wá gbìyànjú, tí ó yẹ etí wò, tí wọ́n sì ní kí ó lọ bá olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ibẹ̀ ni ìyà tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò pọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ wọn ní ẹ̀ka tí ń rí sí àkànṣe ẹ̀kọ́, àwọn tí ń kọ́ nípa rẹ̀ sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún àkànṣe ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù ni wọ́n ń kọ́ wọn fún, ọ̀nà òkè òkun sì ṣí sílẹ̀ fún wọn bí ó ti ṣí fún nọ́ọ̀sì. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Nínú àwọn tí a mọ̀ dáadáa ni Patrick Speech and Languages Centre ní Ìkẹjà, tí Arábìnrin Dọ̀tun Akande dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 lẹ́yìn tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísìmù tí kò sì rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn gbé e lọ. Ìyá ni ó ṣe ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń gbé yàrá kan ní Muṣin, tí yóò pa ọjà tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí yóò gbé ọmọ tí ń ké wọ dáńfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí yóò sì tún sanwó bí ó bá dé ibẹ̀, oṣù mélòó ni yóò fi lọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́?

Níbi tí nǹkan bá sì ti wọ́n, ayédèrú kì í pẹ́ yọ. Láti ọdún 1988 ni òfin ti wà pé àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han òun kí ó tó mú owó jáde.

Òfin kò wọ́n wa. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin àwọn ẹni àkàndá láti ọdún 2011, ó sì ní iléeṣẹ́ tí ń rí sí i, LASODA. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé ilé ìwé girama. Ọdún márùn-ún tí òfin náà fún àwọn tó ni ilé ìjọba àti ilé ìtajà láti fi àtẹ̀gùn kẹ̀kẹ́ sí i parí ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ràn lè gun àtẹ̀gùn dáadáa. Ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ni kò bá pàdé ní òkè. Ibi tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin Èkó wò nìyí nígbà ìṣúná: ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí ní ibi BCG, àti olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan, ó kéré tán, fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí owó oṣù rẹ̀ yóò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá.

Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ wọn rí lè rò pé òògùn ni wọ́n ń fún ọmọ. Eré ni. Olùtọ́jú yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dojú kọ ọmọ, yóò yí bọ́ọ̀lù sí i, yóò sì dúró. Kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa retí. Bí ọmọ bá wojú rẹ̀, tàbí tí ó na ọwọ́, yóò gbà á bí ọ̀rọ̀, yóò dá a lóhùn: ‘Bọ́ọ̀lù! O fẹ́ bọ́ọ̀lù.’ Yorùbá mọ èyí tipẹ́ nígbà tí wọ́n ní ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ kí a gbé òun. Láti orí káwọ́sókè ni wọ́n ti ń lọ sí ìró, láti orí ìró sí ọ̀rọ̀ kan, láti orí ọ̀rọ̀ kan sí méjì. Fún akólòlò, iṣẹ́ náà yàtọ̀: wọ́n á kọ́ àwọn ará ilé pé kí wọ́n yé bá a parí ọ̀rọ̀, kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Ohun tí òbí bá ṣe nílé láàárín ọ̀sẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà, ju wákàtí kan tí wọ́n lò lọ́dọ̀ olùtọ́jú lọ.

Ibi yìí ni ìyá àgbà tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ tún ti wúlò. Àlọ́ àpagbè tí yóò pa, tí yóò sì dúró kí ọmọ gbè é, irú eré ‘ìwọ sọ, èmi sọ’ tí àwọn olùtọ́jú ń lọ kọ́ ní yunifásítì ni. Oríkì tí yóò máa pè léraléra, orin ìrẹmọ tí ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá nínú rẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ fi ń mú ìró mọ́rí nìyẹn. Ó sàn ju fóònù tí wọ́n ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́ lọ. Fóònù kì í dúró de ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Èkó ló wà báyìí tí wọ́n lè ka orúkọ àwọ̀ mẹ́wàá bí ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì lè tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá wọn ní èdè kankan.

Ẹni tí ó bá ní ọmọ-ọmọ ní ìlú Èkó lè ti abúlé bi wọ́n léèrè lórí fóònù. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà tí kì í yíjú sí ohùn, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ó bá pé ọdún kan tí kò gbá ‘ba-ba’ tàbí ‘da-da’ lẹ́nu, tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, tí kì í nawọ́ sí ohun tí ó fẹ́, kí wọ́n gbé e lọ. Bí ó bá pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, kí a ka Yorùbá mọ́ ọn, kí wọ́n má sọ pé bí bàbá rẹ̀ náà ṣe pẹ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọmọ tí ó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye ọdún yòówù kí ó jẹ́, kí wọ́n má dúró de owó oṣù kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà.